Ọmọ Tí Kò Fẹ́ Sùn Lálẹ́

Àwọn àgbà máa ń sọ pé: "Ọmọ tó ní ìyá òun kò ní sùn, òun náà kò ní fojú kan oorun." Òwe ni wọ́n ń pa fún ẹni tó ń yọ ẹlòmíràn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ìyá tí ẹ ní ọmọ ọwọ́ nílé, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe òwe lásán. Ó ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá yín lóru.

Ẹ jẹ́ ká wo obìnrin kan ní Towé. Láàárọ̀, ó lọ sóko. Lọ́sàn-án, ó jókòó ti epo pupa tó ń sè. Nírọ̀lẹ́, ó pọn omi, ó dáná, ó fún ará ilé lóúnjẹ. Ó wá ku kó sinmi. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀, tó jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́wàá, la ojú kalẹ̀. Ó tẹ́ ẹ sórí ẹní, ọmọ bú sẹ́kún. Ó pọ̀n ọ́n, ọmọ dákẹ́. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹkún tún bẹ̀rẹ̀.

Bàbá ọmọ ní: "Ìyá ọmọ, bá mi mú ọmọ yìí dákẹ́. Mo máa jí lọ sóko lọ́la."

Ìyá ọkọ rẹ̀ pè é láti yàrá kejì: "Ìyàwó, àbí inú ń run ún ni?"

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, aládùúgbò kan sọ fún un pé: "Má da ara rẹ láàmú. Oògùn olómi kan wà lọ́jà. Tó o bá fún un ní ṣíbí kan, á sùn fọnfọn."

Kí ni kí obìnrin yìí ṣe? Ohun tí a fẹ́ kà nìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ fi gbólóhùn kan sọ́kàn: ọmọ tí kò fẹ́ sùn ní ohun tó ń sọ fún wa. Ohun náà ni ká wá. Ká má fi oògùn pa á lẹ́nu mọ́.

OORUN MÉLÒÓ NI ỌMỌ NÍLÒ?

Oúnjẹ ni oorun jẹ́ fún ọmọ. Nígbà tí ọmọ bá sùn, ara rẹ̀ ń dàgbà. Ọpọlọ rẹ̀ náà ń to gbogbo ohun tó rí àti ohun tó gbọ́ lọ́sàn-án jọ. Ọmọ tí kò sùn tó á máa kanra, á máa sunkún, kò ní fẹ́ jẹun dáadáa.

Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ iye wákàtí tó yẹ kí ọmọdé máa sùn láàárín ọ̀sán àti òru:

Ọmọ tuntun títí dé oṣù 3: wákàtí 14 sí 17.
Ọmọ oṣù 4 sí oṣù 11: wákàtí 12 sí 16.
Ọmọ ọdún 1 sí ọdún 2: wákàtí 11 sí 14.
Ọmọ ọdún 3 sí ọdún 4: wákàtí 10 sí 13.

Oorun ọ̀sán wà nínú iye yìí. Nítorí náà, ọmọ tó bá sùn púpọ̀ lọ́sàn-án lè má fi bẹ́ẹ̀ sùn lóru. Kò sí ohun tó ṣe é. Ó ti sùn tirẹ̀ ná ni.

Ọmọ tuntun kò mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru. Inú rẹ̀ kéré, wàrà tó mu kì í pẹ́ dà. Ó gbọ́dọ̀ jí mu ọmú lóru. Ẹ má bá a jà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ń bẹ̀rẹ̀ sí í mọ òru yàtọ̀ sí ọ̀sán nígbà tí wọ́n bá ti tó oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹ lè ràn án lọ́wọ́. Tí ilẹ̀ bá ti mọ́, ẹ gbé e jáde síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ẹ bá a sọ̀rọ̀, ẹ bá a ṣeré. Tó bá jí lóru, ẹ fún un lọ́mú nínú òkùnkùn tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná kékeré. Ẹ má bá a ṣeré nígbà náà. Díẹ̀díẹ̀, á mọ̀ pé òru kì í ṣe àkókò eré.

KÍ LÓ DÉ TÍ ỌMỌ KÌ Í FẸ́ SÙN?

Ní ọ̀dọ̀ wa, tí ọmọ bá ń sunkún lóru, àwọn kan á ní ẹgbẹ́ rẹ̀ ọ̀run ló ń dà á láàmú. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kiri. Kí ẹ tó sáré kiri, ẹ kọ́kọ́ wo ara ọmọ. Ẹ wo ibi tó ń sùn. Ẹ rántí bó ṣe lo ọjọ́ náà. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ibẹ̀ ni ìdáhùn wà.

1. Ó lè jẹ́ pé ebi ń pa á.

2. Ó lè jẹ́ pé ìtọ̀ ti rẹ ìlédìí rẹ̀, tàbí ooru ń mú un, tàbí ara ń yún un, tàbí ẹ̀fọn ń jẹ ẹ́.

3. Ó lè jẹ́ pé ara rẹ̀ kò yá. Ẹ fọwọ́ kan ara rẹ̀ bóyá ó gbóná. Ẹ wò ó bóyá imú rẹ̀ dí, tàbí ó ń fa etí rẹ̀ tó sì ń ké.

4. Ó lè jẹ́ pé ó ti sùn nírọ̀lẹ́. Èyí wọ́pọ̀ gan-an láàárín àwa tí à ń pọn ọmọ ṣiṣẹ́. Ìyá ń bọ̀ láti ọjà Pobè tàbí ọjà Sakété. Ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà ń gbé wọn lọ, ọmọ sùn lọ. Wọ́n dé ilé, ìyá kò sọ̀ ọ́, ó ń dáná lọ. Nígbà tí ará ilé fẹ́ sùn, ojú ọmọ mọ́ kedere bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí láàárọ̀.

5. Ó lè jẹ́ pé oorun ti kọjá lójú rẹ̀. Ó ti ń yán, ó ti ń fọwọ́ ra ojú, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tẹ́ ẹ. Àlejò wà nílé, rédíò ń ké, àwọn ọmọ ń wo fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tí ó bá rẹ ọmọ jù, kì í tètè sùn. Ńṣe ló máa ń kanra. Ẹ̀yin á rò pé oorun kò kùn ún, bẹ́ẹ̀ sì ni oorun ló ń pa á.

6. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀rù ń bà á. Láti bí oṣù mẹ́jọ, ọmọ ti mọ ìyá rẹ̀ dáadáa. Tí ìyá bá kúrò lójú rẹ̀, ó rò pé ó lọ ráúráú. Kì í ṣe àkẹ́jù. Ọgbọ́n ọmọ ló ń dàgbà. Ìgbà yìí máa ń kọjá.

OHUN TÓ Ń MÚ ỌMỌ JÍ TÓ SÌ Ń KÉ LÓRU

Ọ̀rọ̀ kan wà níbí tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀. Gbogbo ènìyàn ló ń ta jí díẹ̀ lóru, àgbà àti ọmọdé. Àgbà á yí ara padà, á tún sùn lọ. Kò ní rántí láàárọ̀.

Ẹ wò ó báyìí. Ẹ sùn sórí ẹní yín nínú yàrá. Ẹ ta jí lóru, ẹ bá ara yín nídìí igi ọ̀pẹ níta. Ṣé ẹ kò ní figbe ta? Ẹ ó béèrè pé: "Ta ló gbé mi débí?"

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí lójú ọmọ. Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló ti sùn. Ara ìyá gbóná, ìyá ń mi jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó ta jí, kò rí ẹ̀yìn ìyá mọ́. Orí ẹní ló bá ara rẹ̀. Ó ké. Ìyá tún pọ̀n ọ́n, ó tún sùn. Ìyá sọ̀ ọ́, ó tún ta jí lẹ́yìn wákàtí kan tàbí méjì, ó tún ké.

A kò sọ pé ká má pọn ọmọ o. Ìpọ̀n dára. Ọ̀já ìyá ló tọ́ gbogbo wa dàgbà. Ohun tí a ń sọ ni pé, tí ọmọ bá ti lé ní oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹ jẹ́ kó máa mọ orí ẹní rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ pọ̀n ọ́n títí ara rẹ̀ á fi balẹ̀ tí ojú rẹ̀ á fi wúwo. Kí oorun tó gbé e lọ pátápátá, ẹ tẹ́ ẹ. Ẹ jókòó tì í, ẹ gbé ọwọ́ lé e. Kó jẹ́ orí ẹní ló ti sùn lọ. Tó bá wá ta jí lóru, ibi tó mọ̀ náà ló wà.

ÈTÒ ALẸ́

Ọmọ kò mọ agogo. Ohun tó mọ̀ ni ohun tó máa ń tẹ̀ lé ara wọn. Tí ẹ bá ń ṣe nǹkan kan náà lálaalẹ́, tí ẹ kò yí i padà, ọmọ á mọ̀ pé oorun ló kàn. Ètò yìí kò gba owó. Ẹ wo bí ẹ ṣe lè ṣe é:

Lọ́sàn-án: Ẹ jẹ́ kí ọmọ sùn lọ́sàn-án, nítorí ọmọ tí kò sùn rárá lọ́sàn-án á kanra lálẹ́. Ṣùgbọ́n tí ọmọ bá ti lé ní oṣù mẹ́fà, ẹ má jẹ́ kó sùn pẹ́ nírọ̀lẹ́. Tí ẹ bá ń dáná, kí bàbá, ìyá àgbà tàbí ẹ̀gbọ́n gbà á, kí wọ́n bá a ṣeré.

Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́: Ẹ fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀ ẹ́. Ẹ wọ̀ ọ́ láṣọ tó fúyẹ́. Ẹ pààrọ̀ ìlédìí rẹ̀.

Lẹ́yìn náà: Ẹ pa rédíò, ẹ gbé fóònù kúrò. Ẹ dín iná kù. Kí àwọn ọmọ tó kù lọ ṣeré níta tàbí kí wọ́n dákẹ́.

Ẹ fún un lọ́mú kó yó.

Ẹ kọrin fún un ní ohùn kékeré. Àwọn ìyá wa ní orin tí wọ́n fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ẹ kọ èyí tí wọ́n kọ fún yín. Orin kan náà lálaalẹ́ ló dára jù.

Ẹ tẹ́ ẹ sórí ẹní nígbà tí ojú rẹ̀ bá ti wúwo.

Tó bá ké, ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ gbọ́ irú ẹkún tó ń sun. Ìráhùn lásán lè dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀. Tí ẹkún náà bá le, ẹ lọ bá a. Ẹ gbé ọwọ́ lé àyà rẹ̀, ẹ bá a sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Tí kò bá dákẹ́, ẹ gbé e, ẹ rẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì tún tẹ́ ẹ. Ẹ má retí pé á yanjú lálẹ́ ọjọ́ kìíní. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó ń ba ètò jẹ́ ni kí ìyá ṣe báyìí lónìí, kí bàbá ṣe bọ́hùn-ún lọ́la, kí ìyá àgbà tún ṣe tirẹ̀ lọ́tùn-ún-la. Ẹ jọ jókòó, ẹ fohùn ṣọ̀kan.

Ẹ̀yin bàbá, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ẹni tó ti lọ sóko, tó ti se epo, tó ti dáná, kò lè dá nìkan jí lóru títí. Ẹ gba ọmọ, ẹ gbé e mọ́ àyà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ń tètè sùn láyà bàbá wọn.

IBI TÍ ỌMỌ Ń SÙN

Ẹ tẹ́ ọmọ ní ẹ̀yìn rẹ̀, kó dojú sókè. Láyé àtijọ́, wọ́n ń sọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà pé kí ìyá da ojú ọmọ délẹ̀ kó lè sùn dáadáa. Nígbà tó yá, àwọn dókítà rí i pé ọmọ tó da ojú délẹ̀ ń kú lójú oorun ju èyí tó dojú sókè lọ. Wọ́n kéde rẹ̀ fún gbogbo ìyá, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1991, ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1994. Lẹ́yìn náà, irú ikú bẹ́ẹ̀ dín kù púpọ̀.

Ẹní tó le dára ju tìmùtìmù rírọ̀ lọ. Ẹ má fi ìrọ̀rí sábẹ́ orí ọmọ ọwọ́. Ẹ má fi aṣọ bò ó lójú. Ẹ jẹ́ kó sùn nínú yàrá yín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, lórí ẹní tirẹ̀. Ẹni tó mu ọtí, ì báà jẹ́ sódábì tàbí ẹmu, kò gbọ́dọ̀ sùn ti ọmọ, nítorí ó lè sùn lé e láìmọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá nínú yàrá ọmọ. Èéfín ìdáná náà kò dára fún un.

Ẹ ta àwọ̀n ẹ̀fọn. Ẹ̀fọn tó ń fa ibà, òru ló máa ń jẹni. Ní ọdún 2020, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ pín àwọ̀n olóògùn lọ́fẹ̀ẹ́ láti ilé dé ilé. Àwọ̀n tí ẹ ká sínú àpótí kò lè lé ẹ̀fọn. Àwọ̀n tó ya náà, ẹ rán an.

OHUN TÍ A KÒ GBỌ́DỌ̀ ṢE

Ẹ má rọ ọmọ ní ògì tàbí àgbo nítorí kó lè sùn. Ohun tí ẹ ń rọ lè gba ọ̀nà ọ̀fun wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Títí dé oṣù mẹ́fà, ọmú ìyá nìkan ti tó ọmọ.

Ẹ má fún un ní ọtí, bó ti wù kó kéré tó.

Ẹ má gbọn ọmọ jìgìjìgì nítorí ìbínú. Ọrùn rẹ̀ kò tíì le. Tí ẹ bá gbọ̀n ọ́n, ọpọlọ rẹ̀ á máa lu agbárí, ẹ̀jẹ̀ lè dà nínú rẹ̀, ó sì lè kú. Tí ẹkún bá ti sú yín, tí inú ń bí yín, ẹ tẹ́ ọmọ sórí ẹní, ẹ jáde síta, ẹ mí kanlẹ̀. Ẹ ké sí ẹlòmíràn. Kì í ṣe ìtìjú. Ó ń rẹ gbogbo ìyá.

Èyí tó burú jù ni oògùn tí wọ́n fi ń mú ọmọ sùn. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà, tí kò jìnnà sí wa. Ní ọdún 2008, oògùn olómi kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní My Pikin. Ọmọ tó ń hu eyín, tó ń ké, ni wọ́n ṣe é fún. Àwọn ìyá rà á kí ara lè tu ọmọ wọn. Wọn kò mọ̀ pé májèlé tí wọ́n ń pè ní diethylene glycol ti wọ inú rẹ̀. Májèlé yìí ń ba kíndìnrín jẹ́. Àwọn ọmọ kò lè tọ̀ mọ́. Nígbà tó fi di ọdún 2009, ọmọ 84 ti kú.

Ní ọdún 2022, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Gáḿbíà. Oògùn ikọ́ olómi ni wọ́n rí májèlé náà nínú rẹ̀ níbẹ̀. Nǹkan bí ọmọ 70 ló kú.

Àwọn ìyá wọ̀nyẹn fẹ́ràn ọmọ wọn bí ẹ̀yin náà ṣe fẹ́ràn tiyín. Ojú kò lè rí májèlé nínú ìgò. Oògùn tí kò sí májèlé nínú rẹ̀ pàápàá lè ṣe ọmọ níbi. Oògùn àgbàlagbà tó ń múni sùn lè mú kí ọmọ gbàgbé àtimí. Nítorí náà, ẹ má ra oògùn lórí àtẹ ọjà, ẹ má sì gba ti ọwọ́ aládùúgbò. Oògùn tí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà bá kọ fún ọmọ yín nìkan ni kí ẹ fún un.

ÌGBÀ TÓ YẸ KÍ Ẹ GBÉ ỌMỌ LỌ SÍ ILÉ ÌWÒSÀN

Ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́ tí ẹ bá rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí:

Ara ọmọ gbóná.
Kò lè mu ọmú mọ́.
Ó ń bì gbogbo ohun tó mu.
Ó ń mí yánpọnyánrin, tàbí àyà rẹ̀ ń wọlé tó bá ń mí.
Gìrì mú un.
Ó ń sùn ṣáá, ẹ jí i, kò jí.
Ẹkún rẹ̀ yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, kò sì dákẹ́ rárá.

ẸNI TÓ WÀ NÍ TOWÉ Ń KỌ́?

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ obìnrin wa. Ká ní kò ra oògùn aládùúgbò. Ó jókòó, ó ro bí ọmọ ṣe ń lo ọjọ́. Ó rántí pé láti ìgbà tó bá ti ń pọn omi títí ará ilé á fi jẹun tán, ẹ̀yìn òun ni ọmọ ń sùn. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀. Ọkọ gbà láti máa gbé ọmọ nírọ̀lẹ́. Ìyá ọkọ gbà láti máa wẹ̀ ẹ́. Ìyá ọmọ á fún un lọ́mú, á kọrin, á tẹ́ ẹ. Alẹ́ àkọ́kọ́, ọmọ ké. Alẹ́ kejì, ó tún ké. Bí ọjọ́ ti ń lọ, ẹkún ń dín kù. Ẹnìkan kò fi ṣíbí oògùn kan sí i lẹ́nu.

Àwọn àgbà ní ọmọ tó ní ìyá òun kò ní sùn, òun náà kò ní sùn. Ilé tó bá jọ fọwọ́ sowọ́ pọ̀, ìyá á sùn, ọmọ náà á sùn.

Ẹ JẸ́ KÁ JÍRÒRÒ

1. Wákàtí mélòó ló yẹ kí ọmọ oṣù mẹ́wàá sùn láàárín ọ̀sán àti òru?
2. Kí ló dé tí ọmọ tó sùn lẹ́yìn ìyá rẹ̀ fi ń ké nígbà tó bá ta jí lórí ẹní?
3. Ní ilé tiyín, ta ló lè gba ọmọ nírọ̀lẹ́ nígbà tí ìyá bá ń dáná?
4. Kí ni ẹ máa sọ fún aládùúgbò tó bá gbé oògùn oorun wá fún ọmọ yín?